Kí ló dé tí fóònù kò lè sọ aago tí òjò Sátidé yóò rọ̀?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kánópì àti àga ni mo ń yá fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Fóònù ni mo máa ń wò kí n tó mọ irú kánópì tí n ó gbé lọ sóde. Tó bá ku ọjọ́ méje, á ní òjò ń bọ̀ ní Sátidé láago méjì ọ̀sán. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, á ní kò sí òjò mọ́. Bí Sátidé bá wá dé, òjò á ṣú láago mẹ́rin, á sì rọ̀ bámúbámú. Ọmọ mi tó ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì ní kí n má bínú, pé bí labalábá bá ju ìyẹ́ níbì kan, ó lè dá ìjì sílẹ̀ níbòmíràn, pé àṣìṣe kékeré ló ń di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tó dára ju èyí lọ, wọn ò ní lè sọ òjò oṣù tó ń bọ̀ fún wa ni?"

Màmá, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ọmọ yín kò tàn yín. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn èèyàn sábà máa ń fò nínú ìtàn labalábá yìí, òun gan-an ló sì kan ẹni tó ń gbé kánópì káàkiri: àṣìṣe kì í dàgbà nìkan, ó máa ń rìn. Ibì kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ọ̀nà tó ń gbà, ó sì ní bó ṣe ń yára tó. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa bi àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní ohun tí kò lè dáhùn láéláé, á sì máa fojú fo èyí tó lè dáhùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká gbà á láti orísun. Lọ́dún 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ní kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Royal McBee LGP-30 nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kọ ìṣirò méjìlá sínú rẹ̀, tí wọ́n para pọ̀ dúró fún ojú ọjọ́ kan tí kì í ṣe ti ayé yìí gan-an, ṣùgbọ́n tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ tún apá kan nínú iṣẹ́ náà wò. Ó mú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ sórí ìwé láàárín iṣẹ́, ó tẹ̀ wọ́n padà sínú ẹ̀rọ, ó sì lọ mu kọfí. Nígbà tó fi máa dé, ojú ọjọ́ kejì ti yà kúrò lára ti àkọ́kọ́ pátápátá. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ ni 0.506127, èyí tó wà lórí ìwé sì jẹ́ 0.506, torí pé wọ́n gé e kúrú kí ààyè lè gbà á. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó máa fi tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1963, ó ti dín ìṣirò kù sí mẹ́ta péré, ìwà kan náà sì ni wọ́n ń hù.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ìlọ́po méjì tí ọmọ yín ń sọ. Ká ní àṣìṣe wa lónìí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ. Á di méjì, á di mẹ́rin, á di mẹ́jọ. Tó bá ti di ìlọ́po méjì ní ìgbà ogún, ó ti kọjá mílíọ̀nù, ó ti gba gbogbo ilé. Ní báyìí, ká ní a ra ẹ̀rọ tó péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kí la jèrè? Ìlọ́po méjì ní ìgbà mẹ́ta jẹ́ mẹ́jọ, ní ìgbà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ìgbà mẹ́ta àti díẹ̀ péré ni a fi kún un. Bí ìlọ́po méjì kan bá ń gba ọjọ́ méjì, a jèrè bí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ń gba wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta la jèrè, pẹ̀lú gbogbo owó ẹ̀rọ. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni pé irú àṣìṣe wo ló ń di ìlọ́po méjì, báwo ló sì ṣe ń yá tó.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ labalábá yìí. Ní December 29, 1972, Lorenz sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Washington. Philip Merilees tó ń ṣètò ìjókòó náà ló bá a fún ọ̀rọ̀ náà ní àkọlé: ṣé ìyẹ́ labalábá ní Bùràsíìlì lè dá ìjì líle sílẹ̀ ní Texas? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ àkọlé, wọn kò gbọ́ ìdáhùn. Ohun tí Lorenz sọ ni pé bí ìyẹ́ kan bá lè dá ìjì sílẹ̀, ó lè dá a dúró bákan náà. Labalábá kò ní agbára ìjì lọ́wọ́. Ooru oòrùn àti omi inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìjì dìde. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí labalábá tó jí. Ohun tí ìyẹ́ lè ṣe ni kó yí ibi àti ìgbà padà, kí ìjì tí ì bá bọ́ sí ọjọ́ Tuesday bọ́ sí Thursday. Lorenz tilẹ̀ ṣiyèméjì bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá gúúsù ayé lè tètè ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá sí apá àríwá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ibùgbé ti ń wọ̀ ọ́: níbo ni àṣìṣe wà, ibo ló sì lè dé?

Ìṣirò mẹ́ta ti ọdún 1963 kò ní ibùgbé kankan. Kò sí Òṣogbo nínú rẹ̀, kò sí Kano. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, bí ọ̀kan bá ṣì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì. Ojú ọ̀run kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Kunihiko Kaneko, onímọ̀ físíìsì ará Jàpáànì, ṣe irú ayé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè gbé kalẹ̀ nílé, òun ni mo sì máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ to ilé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìlà gbọọrọ, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan nínú. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan á yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nípa òfin tó ń sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po méjì, á sì pín díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì tí wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀, àfi ilé kan ṣoṣo ní àárín, tí ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ, kí ẹ sì máa wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Ní ìgbésẹ̀ kẹwàá, kò sí bí ìyàtọ̀ náà ṣe lè kọjá ilé mẹ́wàá lọ́tùn-ún àti mẹ́wàá lósì. Ní àwọn ilé tó kọjá ibẹ̀, kì í ṣe pé ìyàtọ̀ kéré. Kò sí rárá ni. Ilé tó wà lókèèrè kò tíì gbọ́ nǹkan kan, àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ ṣì pé pérépéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àárín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Tí ẹ bá wá wo inú ibi tí àṣìṣe ti dé, ẹ ó rí ohun tó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé kan á ní ìyàtọ̀ tó pọ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, ibi tó ga jù yẹn á sì máa ṣí kiri. Iná ìgbẹ́ nígbà ọyẹ́ ló jọ: ó tibì kan bẹ̀rẹ̀, ó ní etí tó ń sún síwájú, ọwọ́ iná sì máa ń ga níbi tí koríko ti gbẹ tó sì dí, kó tó ré kọjá sí ibòmíràn.

Àwọn onímọ̀ físíìsì ti wo ṣíṣí kiri yìí fínnífínní. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, bí a kò bá ka títóbi àṣìṣe, tó jẹ́ pé iye ìgbà tó ti di ìlọ́po méjì la kà, tí a sì yà á sórí ìwé, ohun tí a máa rí ni ojú ilẹ̀ gbágungbàgun kan tó ń ga sókè díẹ̀díẹ̀. Arkady Pikovsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé nínú ọ̀pọ̀ irú ayé kékeré bẹ́ẹ̀, gbágungbàgun náà tẹ̀ lé òfin kan náà tí Kardar, Parisi àti Zhang ti kọ lọ́dún 1986 nípa bí ojú nǹkan ṣe ń dàgbà láìtẹ́jú. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á fún yín, Màmá, ni pé ó ní ìtumọ̀ lóde. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè sọ bí àṣìṣe ṣe ń yára dàgbà níbi gbogbo lójoojúmọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ojú ọ̀run lókè yín dákẹ́, tí àṣìṣe kò rí nǹkan jẹ, tí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ márùn-ún yóò sì ṣẹ. Ọjọ́ mìíràn wà tí ti ọ̀la gan-an kò ní ṣẹ.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run gidi. Àjọ ECMWF, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Reading ní Ìlú Ọba, ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ fún Yúróòpù, ó sì wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù láyé. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà wọn máa ń já kulẹ̀ pátápátá. Nínú ìwádìí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2013, wọ́n padà lọ wo bí ayé ṣe rí lọ́jọ́ tí irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fara hàn léraléra kò sí ní Yúróòpù rárá: àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ti Àríwá ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbóná, tó kún fún omi, tí òjò ààrá ti fẹ́ ṣú. Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí òjò yẹn yóò ti ṣú gan-an, àṣìṣe náà sì wọ inú afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè réré, ó bá a ré òkun kọjá, ó sì balẹ̀ sí Yúróòpù ní ọjọ́ kẹfà.

Ní báyìí, ẹ̀rọ tó dára jù ńkọ́? Lorenz fúnra rẹ̀ ti dáhùn lọ́dún 1969, ó sì tún un sọ níbi ìpàdé Washington. Àṣìṣe nínú àwọn ohun ńlá ojú ọ̀run, irú àwọn tó gbòòrò tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó di ìlọ́po méjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe fojú bù ú nígbà náà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe nínú ohun kékeré, bíi ibi tí àwọsánmà kọ̀ọ̀kan wà, ń di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ti kékeré bá sì ti kún, kò ní dúró síbẹ̀. Òjò ààrá tó ṣú níbi tí a kò fojú sí ń tú ooru sílẹ̀ lókè, ooru yẹn ń ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ìyẹn á yí ohun tó gbòòrò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà padà, òun náà á sì yí èyí tó tóbi jù ú lọ padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi gbogbo ọrọ̀ ayé mọ ibi tí àwọsánmà kọ̀ọ̀kan wà lónìí ní ìlọ́po méjì ju ti àná lọ, wákàtí díẹ̀ lẹ jèrè. Wákàtí àkọ́kọ́ ló máa jẹ gbogbo owó yẹn.

Ẹ má torí ìyẹn rò pé kò sí ìlọsíwájú. Àwọn tó ń wọn àsọtẹ́lẹ̀ rí i pé láàárín ọdún mẹ́wàá, a máa ń jèrè nǹkan bí ọjọ́ kan: ti ọjọ́ mẹ́fà á dára tó bí ti ọjọ́ márùn-ún ṣe dára ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń yangàn nítorí àwọn tó ṣe é. Lọ́dún 2019, Fuqing Zhang, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ (kì í ṣe Zhang ti ọdún 1986), àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó dára jù lọ nígbà náà dán an wò: bí a bá dín àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, èrè rẹ̀ lè tó ọjọ́ márùn-ún fún àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, bíi Yúróòpù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni òpin tí wọ́n rí. Ẹni tó bá ní òun yóò sọ fún yín bí òjò Sátidé kan ṣe máa rí ní oṣù tó ń bọ̀ ń tà yín ní ohun tí kò sí lọ́jà. Ohun tí a lè sọ ní oṣù kan ṣáájú ni ìwà àkókò náà. Àṣìṣe kì í dàgbà títí láé. Tó bá ti tóbi tó ìyàtọ̀ tó sábà máa ń wà láàárín ọjọ́ méjì èyíkéyìí nínú oṣù kan náà, ó dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi mọ̀ láìwo fóònù pé òjò kò wọ́pọ̀ ní January, pé June sì léwu. Rúdurùdu ojú ọ̀run kò lè fọwọ́ kan ìyẹn.

Ibi tó dùn mí láti sọ rèé. Gbogbo ọjọ́ márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe tiwa. Òjò Yúróòpù sábà máa ń wá pẹ̀lú ohun ńlá tó gbòòrò gan-an, tí àṣìṣe rẹ̀ ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Òjò tiwa, òjò ààrá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: oòrùn á mú, afẹ́fẹ́ olómi á wọlé láti òkun, àwọsánmà á ga sókè láàárín wákàtí díẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń yára jù lọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún fi kún un pé àwọn ibi tí wọ́n ti ń ju fèrè ńlá (bálúùnù) tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sókè lójoojúmọ́ kò pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tẹ ìwádìí jáde lórí àsọtẹ́lẹ̀ òjò láti ibi iṣẹ́ mẹ́sàn-án káàkiri àgbáyé, fún ìgbà òjò ọdún 2007 sí 2014 ní apá tiwa yìí. Àsọtẹ́lẹ̀ náà, bó ṣe jáde látinú ẹ̀rọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn kàn ṣí àkọsílẹ̀ àtijọ́ kó wo iye ìgbà tí òjò ti máa ń rọ̀ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù yín fi ń yí ọ̀rọ̀ padà. Aago méjì ọ̀sán tó kọ ní ọjọ́ méje ṣáájú wá látinú ìṣirò tí kò lè mọ aago. Ẹ má náwó lé e.

Ohun tí ẹ lè náwó lé ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Láti December 1992 ni ECMWF àti àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kéékèèké sínú ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò, tí wọ́n sì ń ṣe é léraléra, kí wọ́n lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ lè yà sí. Ní ECMWF, ìṣirò mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọgbọ̀n nínú wọn bá ní òjò yóò rọ̀ ní agbègbè yín, nǹkan bí 60% nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé òjò máa bo 60% ìlú, kò sì túmọ̀ sí pé ó máa gba 60% ọjọ́ náà. Bí gbogbo wọn bá sún mọ́ra, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, ẹ gbé kánópì tí omi kò lè gbà wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ òde gan-an, ẹ fi àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wo àwòrán sátẹ́láìtì lórí fóònù, kí ẹ kọjú sí ìlà oòrùn. Ọ̀pọ̀ òjò ìjì wa, pàápàá ní April àti May àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, máa ń tò ní ìlà gígùn, wọ́n sì máa ń ti ìlà oòrùn bọ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n lè rìn tó àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan. Láti Lọ́kọ́ja sí Òṣogbo lójú ọ̀run kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ. Bí ẹ bá rí àwọsánmà funfun báláú tó to ní ìlà lókè Lọ́kọ́ja láago mẹ́wàá àárọ̀, tí àwòrán tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ní bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún láti so okùn kánópì le. Ó lè kú sọ́nà, ó sì lè yà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wákàtí díẹ̀ yẹn dájú ju ti ọjọ́ méje lọ púpọ̀. Òjò tó kàn ṣú lórí ìlú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án kò ní fún yín ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tirẹ̀.

Ọmọ yín lè sọ fún yín nípa àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń kọ́ ojú ọjọ́ fúnra wọn látinú àkọsílẹ̀ àtijọ́, irú Pangu-Weather àti GraphCast tó gbòde lọ́dún 2023. Wọ́n dára, wọ́n yára, mo sì ń lò wọ́n. Àmọ́ nígbà tí Tobias Selz àti George Craig, àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, fi àṣìṣe tó kéré gan-an sínú Pangu-Weather lọ́dún 2023, àṣìṣe náà kò yára dàgbà bó ṣe yẹ kó dàgbà lójú ọ̀run gidi. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ti ṣẹ́gun labalábá; kò rí labalábá ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá bá yín pé òpin ọ̀sẹ̀ méjì ti kúrò nílẹ̀, ẹ bi í bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí a bá yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ kíún ní ibì kan ṣoṣo, kí ẹ sì ní kó fi ibi tí ìyàtọ̀ náà dé ní wákàtí mẹ́fà hàn yín.